Aligner àti èjí: kí wọ́n wo erìgì ẹ kó o tó sanwó

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè ẹ. O ní eyín ìsàlẹ̀ ẹ ti gun ara wọn, o ní èjí lókè tó ò fẹ́ kó dí, o sì ti rí ilé iṣẹ́ kan lórí Instagram tó máa fi àpótí ránṣẹ́ sí ẹ ní Manchester níbẹ̀, ohun tí wàá fi tẹ bátànì eyín ẹ ló wà nínú ẹ̀, tí aligner, ìyẹn ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kì bọ eyín láti fi tò ó, á wá máa bá póòsì dé lẹ́yìn ìyẹn, o ò ní fojú kan dọ́kítà kankan. Ṣé èjí náà máa dí, ṣé ti póòsì yẹn sì dáa, ohun tó o béèrè nìyẹn. Mò ń bọ̀ lórí èjí. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dá a lóhùn ṣáájú mi, ẹ má bínú o, bó ṣe ń dunni àti iye tó ń náni nìkan lẹ̀ ń sọ, kò sẹ́ni tó bi ọmọ yìí bóyá ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde tó bá ń fọ ẹnu.

Ṣé ó máa ń jáde? Tó bá ń jáde, má tíì sanwó fẹ́nì kankan.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Èmi náà gba irú àpótí yẹn ní London níbí, mi ò ní dárúkọ wọn torí kí lọ́yà kọ lẹ́tà síni ò ṣòro fún wọn. Fọ́ọ̀mù kan wà tí mo kún lórí fóònù, wọ́n bi mí níbẹ̀ bóyá erìgì mi máa ń ṣẹ̀jẹ̀, mo sì tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Bẹ́ẹ̀ ni mo tẹ̀ o, fọ́tò ojú ìwé yẹn ṣì wà lórí fóònù mi dòní. Kò sẹ́ni tó pè mí. Kò sẹ́ni tó ní n lọ ya X-ray. Ohun tó tẹ̀ lé e ni ímeèlì tó ń kí mi kú oríire, pé ẹ̀rín tuntun mi ti ń bọ̀ lọ́nà.

Jẹ́ kó yé ẹ bí eyín ṣe ń rìn, torí àwọn tó ń tajà yìí ò ní sọ fún ẹ. Eyín ò lẹ̀ mọ́ egungun àgbọ̀n tààrà, ẹran tín-tìn-tín kan ló so ó mọ́ ọn. Tí ike yẹn bá ń ti eyín sí ẹ̀gbẹ́ kan, ara á máa jẹ egungun tó wà níwájú eyín náà kúrò díẹ̀díẹ̀, á sì máa mọ òmíì sẹ́yìn ẹ̀. Aligner kan kì í sábà ti eyín ju ìdámẹ́rin mìlímítà lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àpótí. Ṣùgbọ́n tí erìgì bá ti ń ṣàìsàn, tí ìdọ̀tí ti le mọ́ abẹ́ ẹ̀, egungun yẹn ti ń jẹ lọ tẹ́lẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ti eyín kankan. Kó o wá lọ máa ti eyín nínú irú ẹnu bẹ́ẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń ti òpó ọgbà lẹ́yìn òjò ńlá ni.

Tèmi rèé. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀, eyín ìsàlẹ̀ kan níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Lóòótọ́ eyín tó bá ń rìn máa ń mì díẹ̀, ìyẹn ò burú, má jẹ́ kí n dẹ́rù bà ẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n èyí, mo lè fi ahọ́n tì í síwájú kó tún padà. Lóru ni mo máa ń ṣe é, mi ò ní mọ̀ pé mò ń ṣe é títí ọkọ mi á fi bi mí pé kí ni mò ń jẹ láago mẹ́ta òru. Erìgì ibẹ̀ sá wálẹ̀, gbòǹgbò eyín yọ síta, tí omi tútù bá kàn án màá fò sókè lórí ìdúró. Àárín òun àti èkejì ẹ̀ wá ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, ihò dúdú onígun mẹ́ta, ẹ̀fọ́ kankan ò sì kọjá níbẹ̀ kó má dúró. Ìyẹn nìkan kọ́ o. Eyín ẹ̀yìn mi ò pàdé mọ́, torí ike tó wà láàárín wọn tọ̀sán-tòru ti tẹ̀ wọ́n wọlé. Pọ̀ǹmọ́ di èèwọ̀. Ẹran tó rọ̀ pàápàá, iwájú ni mo fi ń gé e, èyí tó ń mì sì rèé níwájú níbẹ̀.

Mo kọ̀wé sí wọn. Róbọ́ọ̀tì ló dáhùn. Mo tún kọ, wọ́n ní kí n ya fọ́tò ẹnu mi. Ṣíbí méjì ni mo fi fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sọ́tùn-ún sósì nínú ilé ìwẹ̀, itọ́ ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi, ọkọ mi di fóònù mú, ó ń ní "ya ẹnu sí i, mi ò rí ẹ̀yìn". Lọ́jọ́ kejì èsì dé: gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ, kí n lo èyí tó wà lẹ́nu mi fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Eyín tó ń mì lẹ ní kí n tún tì o! Wọ́n ní dọ́kítà ló wò ó. Mo ní kí lorúkọ dọ́kítà náà, wọn ò fèsì. Irú dọ́kítà wo ló ń fi fọ́tò fóònù wo egungun tó wà lábẹ́ ẹran, ẹ bá mi bi wọ́n.

GDC, àjọ tó ń forúkọ àwọn dọ́kítà eyín sílẹ̀ ní UK níbí, ti sọ ọ́ ní 2021 pé kò tíì sí ohun tó lè dípò kí wọ́n fojú kojú yẹ ẹnu èèyàn wò kí wọ́n tó ní kó máa to eyín. Ó dáa, wọ́n sọ ọ́. Ta ló wá ń lọ bá àwọn tó ń polówó lórí Instagram? Ìwọ fúnra ẹ ni kó o ṣe ọlọ́pàá ara ẹ: gba orúkọ dọ́kítà tó máa fọwọ́ sí ìtọ́jú ẹ àti nọ́ńbà ẹ̀, kó o wò ó nínú ìwé GDC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Tí wọn ò bá lè dárúkọ ẹnì kan pàtó fún ẹ, sá.

Owó náà nkọ́. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ SmileDirectClub lèmi ti ṣe o, ṣùgbọ́n ẹ rántí wọn. Wọ́n tóbi gan-an nínú àwọn tó ń fi ránṣẹ́ sílé yìí, oṣù Kejìlá 2023 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, eyín àwọn èèyàn ṣì wà ní agbede méjì, wọ́n ní gàráǹtì tí wọ́n pè ní ti títí ayé ò sí mọ́, wọ́n sì tún ní káwọn tó ń san án díẹ̀díẹ̀ máa san án lọ. Nítorí náà tó o bá máa sanwó fẹ́nikẹ́ni, kírẹ́díìtì káàdì ni kó o lò, má lo débíìtì. Òfin kan wà láti 1974, Consumer Credit Act, Section 75 ẹ̀ sọ pé ohun tó bá ju 100 pọ́n-ùn lọ tí ò sì ju 30,000 lọ, ilé iṣẹ́ káàdì náà àti ẹni tó tajà ló jọ máa jẹ́jọ́ ẹ̀ tó bá yíwọ́. Báńkì ò ní sọ ìyẹn fún ẹ láìjẹ́ pé o béèrè.

Wíwá dọ́kítà gidi lẹ́yìn náà, ìyà ọ̀tọ̀ ni. Níbi àkọ́kọ́, ọmọbìnrin orí tábìlì ò gbójú sókè, ó ní àwọn ò gba aláìsàn NHS, ìyẹn ti ìtọ́jú ìjọba, tuntun. Òmíì ní àwọn kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ tẹ́lòmíì bá bẹ̀rẹ̀. Òmíì gba owó kó tó wo ẹnu mi, ó wò ó tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ àwọn. Mo sanwó kó lè bá mi wí nìyẹn o. Ẹni tó gbà mí níkẹyìn, obìnrin kan ni, ìtọ́jú erìgì ni iṣẹ́ ẹ̀. Ó mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fa ìlà mìlímítà sí lára, ó ń tì í bọ abẹ́ erìgì yí eyín kọ̀ọ̀kan ká, ó ń ka nọ́ńbà fún nọ́ọ̀sì: méjì, mẹ́ta, méjì, márùn-ún, mẹ́fà, mẹ́fà. Ó ní tí ò bá ju mẹ́ta lọ kò sí wàhálà, tó bá ti ń lọ sókè, àpò ti wà lábẹ́ erìgì nìyẹn, ìdọ̀tí ló sì wà nínú àpò. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún sí mi lẹ́nu kí wọ́n tó lè ha abẹ́ ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n dúró kí erìgì kọ́kọ́ san kẹ́nikẹ́ni tó tún ti eyín kankan, mo sì dúró, ó pẹ́. Egungun tó ti lọ ti lọ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi so èyí tó ń mì mọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ látẹ̀yìn.

Irin yẹn ni kó o máa wò. Tó o bá débi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ owó tí wọn ò tíì fi irin yẹn kan ẹnu ẹ, tí wọn ò sì ya X-ray, báàgì ẹ ni kó o gbé.

Ẹ̀n-ẹ́n, èjí. Á dí tó o bá dákẹ́. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya ètò eyín yẹn, àlàfo lásán ni èjí lójú ẹ̀, ṣe ló máa dí i. Ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀ níbi tó wà náà ò mọ̀ pé nílé wa àwọn kan ń sanwó kí wọ́n bá wọn dá èjí. Nígbà tí mo wá ń ṣe é lọ́dọ̀ dọ́kítà gidi, wọ́n fi fídíò ètò náà hàn mí, mo rí i tí eyín òkè méjèèjì ń rọra lọ lẹ̀ mọ́ra wọn, mo ní dúró ńbẹ̀! Wọ́n tún un ṣe, kò gbà wọ́n lásìkò. Torí náà sọ ọ́ lẹ́nu, kó o tún kọ ọ́ sínú ímeèlì pé o fẹ́ kí èjí yẹn dúró, jẹ́ kí wọ́n wọn bó ṣe fẹ̀ tó kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀, má sì fọwọ́ sí ètò kankan láìjẹ́ pé o wo fídíò ẹ̀ dópin. Kó o tún béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe láti ráyè fún àwọn ti ìsàlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rẹ́ ẹ̀gbẹ́ eyín díẹ̀, láàárín 0.2 sí 0.5 mìlímítà níbi tí eyín méjì ti kanra. Kì í dunni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá rẹ́ ò ní hù padà. Èmi, orí àga ni mo wà, ẹnu ti là, kí wọ́n tó rántí sọ fún mi.

Ìyókù, o mọ̀ ọ́n: nǹkan bíi wákàtí 22 lójúmọ́, yọ ọ́ jẹun, fọ ẹnu, dá a padà, omi tútù ni wàá fi ṣan án, omi gbígbóná á ká a kò. Kò le. Oúnjẹ gan-an kọ́ ni wàhálà àwa, ẹ̀pà tẹ́ẹ̀yàn ń sọ sẹ́nu ní mẹ́ta-mẹ́ta ni. Epo pupa àti kọ́rì sì máa ń pọ́n ọn lára. Tó o bá lọ òde àríyá, má fi tíṣù wé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo o, inú ike ẹ̀ ni kó o fi í sí, inú báàgì. Mo ti rí aunty kan pẹ̀lú gèlè àti léèsì lẹ́yìn họ́ọ̀lù kan ní Peckham tó ń tú báàgì ìdọ̀tí láàárín egungun adìyẹ, wọ́n ti bá a palẹ̀ tábìlì mọ́.

Ẹni tó ní nínú èsì òkè yẹn pé kó o fò lọ Tọ́kì lọ ṣe eyín, má dá a lóhùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ ṣe níbẹ̀ kì í ṣe títo eyín, wọ́n á rẹ́ eyín tó dáa kéré kí wọ́n lè fi òmíì dé e ni. Àwọn tó sì ń bi ẹ́ bóyá wàá fọ̀ ọ́ funfun lẹ́yìn ẹ̀, funfun niyì eyín lóòótọ́, kó má mì lèmi kọ́kọ́ ń tọrọ.

Èyí tí wọ́n máa ń fi pamọ́ dìgbà tó bá parí ni retainer, ohun tí wàá máa wọ̀ sẹ́nu kí eyín tí wọ́n ti tò má baà yẹ̀. Alaalẹ́ ni wàá máa wọ̀ ọ́ bó o bá ti fẹ́ kí eyín náà dúró síbi tí wọ́n tò ó sí, títí lọ, torí eyín máa ń padà sílé, èjí náà sì lè máa fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Béèrè owó ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bóyá ó ti wà nínú èyí tí wọ́n pè fún ẹ, àti iye tí wọ́n máa gbà tó bá sọnù. Kí wọ́n sì fi ẹ̀dà X-ray àti scan ẹ sí ímeèlì ẹ, òfin fún ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i, kí dọ́kítà míì tó o bá lọ bá lọ́la má lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kó tún gbowó lọ́wọ́ ẹ.