Ìbàdí Tó Ń Dunni: Nígbà Wo Ló Di Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Abẹ?

Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni lẹ́tà márùn-ún tí a mú lọ́tẹ̀ yìí ti wá, ìbàdí sì ni ọ̀pọ̀ wọn pe ibi tó ń dùn. Àmọ́ àìsàn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Òmíràn lè fara balẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, òmíràn kò gbọdọ̀ di ọ̀la.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 58 ni mí, gàrí ni mò ń yan. Ó ti lé ní ọdún méjì tí ìbàdí ọ̀tún ti ń dùn mí. Wọ́n ní làkúrègbé ni, mo mu àgbo títí, kò lọ. Ní báyìí, tí mo bá dìde lórí àpótí, mo ní láti dúró díẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó gbà láti rìn. Dókítà ya X-ray, ó ní oríkèé ti ń jẹ, kí n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ṣé dandan ni?
Ìyá Elégàrí, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú ìfaradà, Ìyá wa. Kí a tó sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ rárá, ẹ na ìka kan ṣoṣo, ẹ fi tọ́ka síbi tó ń dùn.

Bí ìka yín bá lọ síwájú, síbi tí itan ti pàdé abẹ́ ikùn, níbi tí etí pátá máa ń gbà, oríkèé ìbàdí fúnra rẹ̀ la máa fura sí. Ìrora rẹ̀ máa ń gba iwájú itan sọ̀kalẹ̀ dé orúnkún, débi pé àwọn mìíràn á máa fi róòbù pa orúnkún tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Bí ìka bá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, sórí eegun tó yọ gọngọ lápá òde, tí ẹ kò sì lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn, iṣan tó so mọ́ eegun náà ló ń dùn. Eré ìmárale ló ń wo ìyẹn, kì í sábà dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìdí ni, tó ń ta bí iná gba ẹ̀yìn itan lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀, eegun ẹ̀yìn ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ohun tí ara kọ̀ láti ṣe náà ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí oríkèé ìbàdí rẹ̀ ti ń jẹ kì í lè gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Gbígbé ẹsẹ̀ sọdá ìjókòó ọ̀kadà á di ogun. Ara á gan láàárọ̀ tàbí lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́, bó ṣe ń ṣe yín lórí àpótí yẹn.

Ìdí rẹ̀ rèé. Orí eegun itan rí roboto, ó jókòó sínú kòtò eegun ìgbáròkó bí ọmọ odó ṣe ń jókòó sínú odó. Eegun rírọ̀ kan tó funfun tó sì ń dán, irú èyí tí ẹ máa ń rí lẹ́nu oríkèé ẹsẹ̀ màlúù, ló bo ojú méjèèjì kí wọ́n má bàa ha ara wọn. Tí ìyẹn bá jẹ lọ, eegun á máa gún eegun. Àgbo kò lè mú un hù padà, abẹ́rẹ́ kò lè mú un hù padà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó yín lórí ìyẹn.

Síbẹ̀, àwòrán X-ray nìkan kò tó láti gbé ẹnikẹ́ni lọ sórí tábìlì. Àwọn kan wà tí àwòrán wọn burú, tí wọ́n ṣì ń ná ọjà. A máa ń gbà pé àkókò iṣẹ́ abẹ tó nígbà tí ìrora bá ń jí ènìyàn lóru, tí ibi tó lè rìn dé ń kúrú sí i, tí kò lè dá wọ pátá tàbí bàtà mọ́, tó sì ti fi ó kéré tán oṣù mẹ́ta tẹ̀ lé ìtọ́jú mìíràn pẹ̀lú òtítọ́ inú. Nínú lẹ́tà yín, apá ìkẹyìn yẹn ni a kò rí. Àgbo nìkan lẹ sọ.

Nítorí náà, ibi iṣẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àpótí kékeré tí ẹ fi ń yan gàrí ló ń ká ìbàdí kò jù. Ẹ gbé ààrò àti agbada ga, kí ẹ lè jókòó sórí àga tí orúnkún yín á fi rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ìbàdí lọ, tàbí kí ẹ máa yan án lóòró. Nígbà tí a bá ń rìn, ẹrù tó ń bọ́ sórí ìbàdí kan tó ìlọ́po mẹ́ta ìwúwo ara, nítorí náà kílò 5 tí ẹ bá dín kù nínú ìwúwo yín á dà bíi kílò 15 tó kúrò lórí oríkèé náà.

Ẹ lo ọ̀pá, ẹ má tijú. Ọwọ́ òsì ni kí ẹ fi mú un nítorí pé ìbàdí ọ̀tún ló ń dùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń mú un sí ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn, àṣìṣe sì ni. Ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ni kó jọ máa kúrò nílẹ̀. Kí ẹ tó gé e, ẹ wọ bàtà, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí apá rọ̀ wálẹ̀: orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ bá ìlà ọrùn ọwọ́ dọ́gba. Tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dáa ló ń ṣáájú. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ni kó ṣáájú.

Eré ìmárale mẹ́ta péré tó, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ìgbà 10 10. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè, ẹ gbé ìdí kúrò nílẹ̀ kí ẹ ka 5. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tó dáa lélẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kejì sókè ní nínà. Ẹ dìde lórí àga gíga láìfi ọwọ́ tì í, kí ẹ sì rọra jókòó padà. Bó bá dùn díẹ̀ tó sì rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ máa bá a lọ. Bó bá ṣì ń dùn jù tàtẹ̀yìnwá lọ́jọ́ kejì, ẹ dín in kù.

Fún oògùn, parasitámọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lò: hóró 2 tó jẹ́ mílígíráàmù 500, wákàtí mẹ́fà síra, kó má kọjá hóró 8 láàárín wákàtí 24. Ẹni tí kò sanra tàbí tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu kò gbọdọ̀ mu tó bẹ́ẹ̀. Diclofenac àti ibuprofen lágbára sí i, àmọ́ wọ́n ń dá egbò sínú ikùn, wọ́n ń ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹ má rà wọ́n ní kẹ́mísì láìjẹ́ pé wọ́n yẹ ìfúnpá yín wò.

Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò sí ìyàtọ̀, òtítọ́ ni dókítà yín sọ.

Ọmọ ọdún 27 ni mí, ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ SS. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí ìbàdí òsì ti ń dùn mí, kì í sì lọ bí ìrora ti tẹ́lẹ̀ ṣe máa ń lọ. X-ray ní kò sí nǹkan kan.
Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ má ṣe gbà pé X-ray tó mọ́ ti parí ọ̀rọ̀. Ìrora fòníkú-fọ̀ladìde máa ń dé, ó sì máa ń lọ. Èyí tó jókòó síbi kan fún oṣù márùn-ún, orí eegun itan ni kí wọ́n wò. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ibẹ̀ kéré, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ SS tó ti ṣẹ́po sì lè dí i. Eegun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀ láti inú, nígbà tí òde rẹ̀ ṣì dúró roboto. Àsìkò yẹn gan-an ni X-ray kò ní rí nǹkan kan, MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, ló lè rí i.

Ìdí tí a fi ń kánjú ni pé ìtọ́jú tó wà kí orí eegun tó wó yàtọ̀ sí èyí tó kù lẹ́yìn tó bá ti wó. Kó tó wó, oníṣẹ́ abẹ lè fi irin tóóró lu ihò gba ọrùn eegun náà dé orí rẹ̀ kí ìfúnpá inú rẹ̀ lè dín kù. Kì í bá gbogbo ènìyàn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí orí eegun bá ti wó tán, kò wúlò mọ́. Pípààrọ̀ oríkèé ló kù.

Ẹ gba ìwé lọ sí ilé ìwòsàn tí oníṣègùn eegun àti oníṣègùn ẹ̀jẹ̀ ti jọ wà, bíi OOUTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, ní Ṣágámù. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ máa lo ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì. Bí ibà bá bá ìrora náà rìn, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn, torí kòkòrò àrùn máa ń wọ eegun ẹni tó ní SS.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AA náà. Prednisolone àti dexamethasone tí wọ́n ń fún ènìyàn ní kẹ́mísì fún ara ríro tàbí kí ara lè sanra, àti ọtí àmujù, ń pa orí eegun itan bákan náà. Àwọn kan ti mu ún nínú àgúnmu láìmọ̀. Ẹni tó ti ń lò ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Dókítà ni kó bá a dín in kù.

Ìyá wa, ẹni ọdún 81, yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé. Kò lè gbé ẹsẹ̀ òsì. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti dàgbà jù fún iṣẹ́ abẹ, pé kí a pe ẹni tó ń to eegun.
Àbíkẹ́yìn, Ìperu-Rẹ́mọ

Ẹ wo ẹsẹ̀ òsì Ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Bó bá ti kúrú díẹ̀, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ sì dojú kọ òde, ọrùn eegun itan tàbí ìsàlẹ̀ ọrùn náà la fura pé ó ṣẹ́. Ẹ gbé wọn lọ lónìí.

A kò kẹ́gàn àwọn tó ń to eegun. Ọwọ́ wọn ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ lára apá àti ojúgun. Ṣùgbọ́n kò sí igi tí a lè dì mọ́ ìbàdí tó lè mú ọrùn eegun yẹn dúró. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ orí eegun gba ọrùn yẹn kọjá, bó bá ti já, eegun kì í sábà so mọ́. Fífà á àti wíwọ́ ọ á tún ba èyí tó kù jẹ́.

Ọjọ́ orí tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín ń sọ gan-an ló yẹ kó mú yín yára. Àgbàlagbà tó bá sùn sílẹ̀ láìlè yí ara padà, egbò á dá sí i ní ìdí, omi á jókòó sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ á dì nínú ẹsẹ̀. Ìwọ̀nyí ló sábà ń pa wọ́n. Láàárín ọjọ́ méjì sí ìgbà tí ènìyàn ṣubú ni iṣẹ́ abẹ náà dára jù, àmọ́ ọjọ́ mélòó kan tó ti kọjá kò sọ pé kí ẹ jókòó. Bó bá jẹ́ ọrùn eegun ni, wọ́n lè fi orí onírin rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ọrùn, wọ́n á fi irin àti skrúù dè é.

Ẹ gbé wọn sórí pákó tàbí ẹní fóòmù líle, ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má fa ẹsẹ̀ náà. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, pàápàá ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà. Kí ẹni méjì tó lè fún wọn lẹ́jẹ̀ tẹ̀ lé yín.

Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ oríkèé ìbàdí òsì mi. Ọmọ ọdún 63 ni mí. Ṣé màá lè kírun, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n sì gun ẹṣin ní Ojúde Ọba? Ọdún mélòó ni yóò lò?
Alàgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ìmúra sílẹ̀ o, Alàgbà. John Charnley ló fi ìlànà tí wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé lélẹ̀ ní England ní 1962: ọ̀pá irin wọ inú eegun itan, orí roboto kan jókòó lórí rẹ̀, ife oníke líle sì wà nínú kòtò ìgbáròkó. Nínú oríkèé 10 tí wọ́n bá pààrọ̀, ó ju 9 lọ tó ń pé ọdún 10. Nǹkan bíi 6 ló ń pé ọdún 25.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ tọ́jú eyín tó bá ń jẹrà àti egbò tó bá wà lára, kí ṣúgà sì wà ní ìwọ̀n, torí kòkòrò àrùn tó bá dé ara irin ṣòroó lé jáde. Ẹ sọ gbogbo àgbo tí ẹ ń mu fún wọn. Ẹ bèèrè bóyá iye owó tí wọ́n pè ti kó irin, ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀dì àti físíò (ẹni tó ń kọ́ni ní eré ìmárale lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ) pọ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ tàbí lọ́jọ́ kejì ni wọ́n á ti gbé yín dìde. Bí wọ́n bá gba ẹ̀yìn ìbàdí ṣe é, fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, ẹ má ká ìbàdí kọjá bí ẹni jókòó sórí àga, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kọ́ra, ẹ má yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ sínú. Orí tuntun náà lè yẹ̀ kúrò nínú ife rẹ̀. Àpótí, ìlóṣòó àti ṣáláńgá ìlóṣòó di èèwọ̀ nígbà yẹn. Ẹ wá ìjókòó tó ga fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó padà sílé.

Orí àga ni kí ẹ ti máa kírun, kí ẹ fi orí ṣe ìforíkanlẹ̀ díẹ̀. Títí tí dókítà á fi yọ̀ǹda, ìtẹríba lóòró náà ni ìkíni yín, àwọn ènìyàn yín á sì gbà á bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, tí ẹ bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹ di nǹkan mú, ẹ na ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, orúnkún òsì ni kó kọ́kọ́ kan ilẹ̀.

Ní ti ẹṣin, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gùn tẹ́lẹ̀ lè padà sí i tí iṣan bá ti lágbára, tí oníṣẹ́ abẹ sì fọwọ́ sí i. Bí iṣẹ́ abẹ bá bọ́ sítòsí Ìléyá, ẹ má ṣírò Ojúde Ọba ọdún yẹn mọ́ ọn. Ọwọ́ òsì ẹṣin ni a ti ń gùn ún, ẹsẹ̀ òsì yín ni ẹ ó sì ká sókè láti tẹ irin ìtẹ̀lẹ̀, nítorí náà orí pèpéle ni kí ẹ ti máa gùn ún. Ìṣubú lè fọ́ eegun yí irin náà ká, iṣẹ́ abẹ ìyẹn sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì pé, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Bí ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó ń dùn, tàbí èémí bá ń kúrú lójijì, ẹ sáré padà. Bí ojú ọgbẹ́ bá ṣì ń ṣomi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má ra oògùn kòkòrò fúnra yín. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ni kó wò ó.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún 12, ń tiro. Orúnkún ló ní ó ń dùn òun, wọn ò sì rí nǹkan kan níbẹ̀.
Ìyá Ọmọ, Òde-Rẹ́mọ

Ẹ ní kí wọ́n ya X-ray ìbàdí méjèèjì. Ní ọjọ́ orí yẹn, orí eegun itan lè yọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ níbi tí eegun ti ń dàgbà, orúnkún sì ni ọmọ á máa di mú. Skrúù ni wọ́n fi ń dá a dúró kó má yọ̀ sí i. Bí ibà bá wà níbẹ̀, tí kò sì lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ rárá, ó lè jẹ́ ọyún ló kún oríkèé, ìyẹn kì í dúró di àárọ̀. Títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn, kó má fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, kó má gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹnikẹ́ni má sì fi òróró wọ́ ọ.