Ta Ló Yẹ Kó Rí Èsì Ìwádìí HIV?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìlera wá sílé wa, wọ́n bi wá ní ìbéèrè nípa ìbálòpọ̀, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ wa láti yẹ̀ ẹ́ wò fún kòkòrò HIV. Mo wá gbọ́ pé wọ́n máa ń fún àwọn ará ìta ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé àṣírí wa kò ní tú? Kí sì ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rù yín tọ́, ṣùgbọ́n orúkọ yín kò sí nínú ohun tí wọ́n ń fún wọn. Ẹ jẹ́ ká wo ìwádìí tí wọ́n ń pè ní DHS (Demographic and Health Surveys), ìyẹn ìwádìí ilé-dé-ilé nípa ìlera àti iye ènìyàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1984 tó sì ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 90. Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà. Kí wọ́n tó so èsì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdáhùn yín, wọ́n á ti pa nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí àdúgbò àti ilé yín rẹ́, wọ́n á sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sàmì sí àdúgbò lórí àwòrán ilẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ sún àmì náà kúrò ní àyè rẹ̀, ó lè tó kìlómítà 2 ní ìgboro àti 5 ní ìgbèríko. Ẹni tó bá sì fẹ́ àkọsílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kó sì ṣèlérí pé òun kò ní wá ẹni tó dáhùn kiri.

Ní ti ìlò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àwọn aláboyún tó wá gba ìtọ́jú ni ọ̀pọ̀ ìjọba kọ́kọ́ fi ń díwọ̀n iye àwọn tó ní kòkòrò náà, bẹ́ẹ̀ kò lè sọ púpọ̀ nípa àwọn ọkùnrin. Nígbà tí ìwádìí inú ilé wá gbilẹ̀, ó hàn pé ìdíwọ̀n náà ga jù ní ibi púpọ̀. Èyí wà lára ohun tó mú kí UNAIDS, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ HIV, lọ́dún 2007, dín iye tó kéde fún gbogbo àgbáyé kù láti mílíọ̀nù 39.5 sí mílíọ̀nù 33.2. Bí wọ́n bá ti àkọsílẹ̀ mọ́ inú ọ́fíìsì, ta ni yóò tún ìṣirò ìjọba yẹ̀ wò, ta ni yóò sì fi hàn pé agbègbè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kò tíì ṣe àyẹ̀wò rí?

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ti àwọn tí wọn kò pọ̀ níye. Bó bá jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo ní agbègbè kan ló ní irú ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti iye ọmọ tó ní, àìsí orúkọ nìkan kò bò ó. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n pa irú wọn pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn kí wọ́n tó fi àkọsílẹ̀ náà síta.

Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti dáhùn ìbéèrè kí ẹ sì kọ̀ láti fún wọn ní ẹ̀jẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti yọ ohun tó lè tọ́ka sí yín kúrò pátápátá, wọn kò ní lè mú èsì yín padà wá bá yín. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ipò yín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́tọ̀ ní ilé ìwòsàn.