Ṣé lóòótọ́ ni pé a lè fi ìdàrọ́ irin, ìyẹn èérí tó máa ń ṣẹ́ kù bí wọ́n bá yọ́ irin, àti gáàsì mọ búlọ́ọ̀kù?

Òótọ́ ni. Ẹ ní Láfẹ́nwá lẹ ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó wà nítòsí wa ṣàlàyé.

Ní Ewékorò, òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun di sìmẹ́ǹtì. Tí iná bá mú un, gáàsì carbon dioxide inú rẹ̀ á tú jáde: tọ́ọ̀nù kan òkúta ẹfun tó mọ́ gaara ń tú nǹkan bíi 440 kílò sílẹ̀, ká má tíì ka èéfín iná fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tuntun yìí ń dá gáàsì náà padà sínú òkúta. Kálísíọ́ọ̀mù, èròjà kan tó wà nínú ẹfun, pọ̀ nínú ìdàrọ́ iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á fi yanrìn àti omi díẹ̀ pò ó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n á kó o sí yàrá tí wọ́n tì pa, wọ́n á wá fẹ́ gáàsì sí i. Kálísíọ́ọ̀mù á gbé gáàsì mì, á tún di ẹfun líle tó so yanrìn pọ̀. Láàárín ọjọ́ kan, ó ti gan! Kò sí pé à ń bomi wọ́n ọn láàárọ̀ lálẹ́. Iléeṣẹ́ CarbiCrete ní Kánádà ti ṣe é láì lo sìmẹ́ǹtì rárá.

Ẹ má kó ìdàrọ́ àgbẹ̀dẹ wá o, irin ló kún inú ìyẹn. Èmi ò sì ní fi mọ òpó tó ní irin nínú, torí irin tètè ń dípẹtà nínú rẹ̀. Ògiri ni kí ẹ fi í mọ.