Èsì: owó "ìrànwọ́" WAEC tí ilé-ìwé ní kí ọmọ yín san

Ẹ kú ìrònú, mà. Ẹ má san án. Owó ẹ́sípò ni, ìyẹn owó ìdáhùn ìdánwò tí wọ́n ń tà fọ́mọ; orúkọ lásán ni wọ́n yí padà.

Tí ìforúkọsílẹ̀ kò bá tíì parí, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Tó bá ti parí, kó jókòó, kó ṣe tirẹ̀, kó má gba bébà ìdáhùn kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ béèrè bóyá kì í ṣe ara wọn nìkan ni àwọn tó ń jí ìwé wò nínú ìdánwò ń tàn. Rárá o. Nígbà tèmi, lọ́jọ́ Máàtì, tíṣà kan kọ ìdáhùn sójú pátákó. Ọmọbìnrin tó wà níwájú mi doríkodò, ó ń fi rúlà fa ìlà gíráàfù tirẹ̀, kò gbójú sókè rárá. Nígbà tí èsì jáde, WAEC dá ti gbogbo wa dúró, tirẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Odidi ọdún kan ló pàdánù. Rúlà yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì sì máa ń ro máàkì WAEC pọ̀ mọ́ ti JAMB kí wọ́n tó mú ọmọ. Àyè ò kárí. A1 tí ẹnìkan fowó rà lè gba ipò lọ́wọ́ ọmọ tó fi àtùpà kàwé mọ́jú.

Tí wọ́n bá ń fúngun mọ́ ọmọ yín nítorí owó náà, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé fúnra yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí owó náà wà fún sórí rìsíìtì. Wọn ò ní kọ ọ́.