Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní báláǹsì ikúéṣọ̀n kẹ́mísírì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi wà ní SS1, èmi ni mo sì máa ń bá a yẹ iṣẹ́ ilé rẹ̀ wò. Orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò, àmọ́ tí wọ́n bá ti ní kó báláǹsì ikúéṣọ̀n kẹ́mísírì, ńṣe ni á máa ki nọ́ńbà bọ ibí, á tún yọ ọ́ lọ́hùn-ún, títí gbogbo rẹ̀ á fi dàrú. Nígbà mìíràn á kà á, á ní ó dọ́gba, tíṣà á sì tún fa igi lé e. Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ọ kó yé e?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ látorí báláǹsì, ìyẹn fífi nọ́ńbà síwájú fọ́múlà (àmì tí a fi ń kọ ohun kan, bíi H₂O fún omi) kí iye átọ́mù ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dọ́gba lápá òsì àti ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ní kò mọ báláǹsì, fọ́múlà gan-an ni wọn ò lè kà. Ẹ kọ 3Al₂(SO₄)₃ sórí ìwé fún un, kí ẹ ní kó sọ iye átọ́mù ọ̀kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀. Alumíníọ́mù 6, imí-ọjọ́ 9, ọ́síjìn 36 ló yẹ kó pè. Tó bá pe ọ́síjìn ní 12, ó ti gbójú fo ọ̀kan nínú 3 méjèèjì. Tó bá pè é ní 4, kò tíì mọ ohun tí àkámọ́ wà fún, kò sì ka nọ́ńbà iwájú kún. Ọmọ tó bá ń ṣi èyí kà, kò sí ọgbọ́n báláǹsì tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ fún un ní irú rẹ̀ sí i, bíi 2Ca(OH)₂, 4NH₃, 3Mg(NO₃)₂, títí tí kò fi ní máa rò ó kó tó dáhùn mọ́.

Nọ́ńbà ńlá tó wà níwájú ń sọ iye ẹyọ ohun náà tí a ní, ó sì kan gbogbo átọ́mù inú fọ́múlà tó tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà kékeré ìsàlẹ̀ jẹ́ ara ohun náà fúnra rẹ̀. Bí a bá yí i padà, nǹkan mìíràn la ti kọ. Mo fura pé ibí yìí ni tíṣà ti ń fa igi lé iṣẹ́ àbúrò yín. Ẹ wo H₂ + O₂ → H₂O. Ọ́síjìn jẹ́ 2 lápá òsì, ó jẹ́ 1 lápá ọ̀tún. Ọmọ á wá fi 2 kékeré sídìí O, ó di H₂O₂. Lóòótọ́, tí ẹ bá kà á, ó dọ́gba. Ṣùgbọ́n H₂O₂ kì í ṣe omi mọ́; háídírójìn pẹrọ́sáìdì ni, èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún egbò. Bákan náà ni CO₂ jẹ́ èyí tí à ń mí jáde, tí CO sì jẹ́ gáàsì tó ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé mọ́jú. Nítorí náà, bí fọ́múlà bá ti tọ̀nà, bírò kò gbọdọ̀ kan nọ́ńbà kékeré mọ́. Iwájú nìkan la ti ń ṣiṣẹ́: 2H₂ + O₂ → 2H₂O.

Tó bá bi yín pé kí ló dé tó fi gbọdọ̀ dọ́gba, ẹ sọ fún un pé bí nǹkan bá jóná tàbí tí irin bá dógùn-ún, átọ́mù kankan kì í sọnù, tuntun kan kì í sì í yọjú. Wọ́n kàn ń tú kúrò lára èyí, wọ́n ń so mọ́ tọ̀hún ni. Antoine Lavoisier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ èyí sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1789, òṣùwọ̀n ló sì fi dì í mú, kì í ṣe ẹnu lásán.

Kí fọ́múlà tó lè tọ̀nà, ọmọ gbọdọ̀ mọ àwọn méje tí átọ́mù wọn kì í dá rìn, tó jẹ́ pé méjì-méjì ni wọ́n ń so pọ̀: H₂, N₂, O₂, F₂, Cl₂, Br₂ àti I₂. Ẹni tó bá kọ O sílẹ̀ lásán fún ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti pàdánù máàkì kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fálẹ́ńsì, ìyẹn iye ọwọ́ tí átọ́mù kan fi ń so mọ́ òmíràn: Al jẹ́ 3, O jẹ́ 2, a pààrọ̀ wọn sí ìdí ara wọn, ó di Al₂O₃. Ca jẹ́ 2, O náà jẹ́ 2. Ca₂O₂ ni pípààrọ̀ máa gbé jáde, a ó sì dín in kù sí CaO. Ẹ ṣọ́ lẹ́tà ńlá àti kékeré pẹ̀lú o. Co ni kóbáàtì, CO ni gáàsì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ó wá kan báláǹsì. Ẹ lo gáàsì ìdáná tó wà nínú sílíńdà yín, nítorí propane àti butane ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tí propane bá jó, ohun tí a ó kọ ni:

C₃H₈ + O₂ → CO₂ + H₂O

Kábọ́ọ̀nù la ó kọ́kọ́ mú. Ó jẹ́ 3 lósì, nítorí náà CO₂ gba 3 níwájú. Háídírójìn jẹ́ 8 lósì, 2 ló wà nínú omi kan, nítorí náà omi gba 4. Ìgbà yìí ni a tó yíjú sí ọ́síjìn. Lápá ọ̀tún, 3CO₂ mú 6 wá, 4H₂O mú 4 wá, àpapọ̀ 10. O₂ gba 5.

C₃H₈ + 5O₂ → 3CO₂ + 4H₂O

Kí ló dé tí ọ́síjìn fi kẹ́yìn? Nítorí pé O₂ dá dúró. Nọ́ńbà tí a bá fi síwájú rẹ̀ kò da ohunkóhun mìíràn rú. Tí ọmọ bá fi O₂ bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá yí CO₂ tàbí omi padà ni yóò máa tún un ṣe, òun gan-an ni kíkì-yíyọ tí ẹ sọ yẹn. Ohun tó bá dá dúró láìso mọ́ nǹkan kan, ì báà jẹ́ O₂, H₂ tàbí irin lásán, ni kó máa gbẹ̀yìn. Èyí ju kí ọmọ há ètò "mẹ́tàlì, háídírójìn, ọ́síjìn" sórí lọ.

Butane ni yóò dán an wò. C₄H₁₀ á mú 4CO₂ àti 5H₂O wá, ọ́síjìn apá ọ̀tún á jẹ́ 8 + 5, ìyẹn 13. Ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, nítorí 13 kò ṣe é pín sí méjì-méjì. Kò yẹ kó pa nǹkan kan rẹ́. Kó kọ 13/2 síwájú O₂, kó wá fi 2 sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì: 2C₄H₁₀ + 13O₂ → 8CO₂ + 10H₂O. Ìdá kò lẹ́ṣẹ̀ lójú ọ̀nà. Kó ṣáà ti kúrò nínú ìdáhùn.

Tí ìdì kan, ìyẹn àwọn átọ́mù tó so pọ̀ bíi SO₄, bá wọlé lódindi tó sì jáde lódindi, ẹ má jẹ́ kó tú u. Níléeṣẹ́ omi, wọ́n máa ń da álọ́ọ̀mù àti láìmù oníyẹ̀fun sómi kí ìdọ̀tí lè rọ̀ sísàlẹ̀:

Al₂(SO₄)₃ + Ca(OH)₂ → Al(OH)₃ + CaSO₄

Kó ka SO₄ bí ẹyọ kan, kó ka OH náà bẹ́ẹ̀. SO₄ jẹ́ 3 lósì, CaSO₄ gba 3. Ca wá di 3, nítorí náà Ca(OH)₂ gba 3. OH di 6, Al(OH)₃ gba 2, Al náà sì ti bá a mu. Ẹni tó bá ń ka ọ́síjìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, 18 ló máa bá lápá kọ̀ọ̀kan, kó tó débẹ̀ sì rèé, ojú á ti wọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí kì í ṣiṣẹ́ bí ìdì náà bá fọ́. Nínú Na₂CO₃ + 2HCl → 2NaCl + H₂O + CO₂, CO₃ ti pín sí ibi méjì, ẹyọ-ẹyọ la gbọdọ̀ fi ka ọ́síjìn rẹ̀.

Tó bá ṣe tán, kó tún gbogbo rẹ̀ kà látìbẹ̀rẹ̀, kó sì wò ó bóyá nọ́ńbà iwájú ṣe é dín kù. 4H₂ + 2O₂ → 4H₂O dọ́gba, àmọ́ 2 ló pín gbogbo rẹ̀, kò sì yẹ kó wà bẹ́ẹ̀. Bó bá fẹ́ dá ara rẹ̀ lójú, kó fi ìwọ̀n átọ́mù yẹ̀ ẹ́ wò: C jẹ́ 12, H jẹ́ 1, O jẹ́ 16. Ti propane, 44 + 160 lósì, 132 + 72 lọ́tùn-ún, 204 ni méjèèjì.

Fún ọmọ tí kò tíì rí i lójú inú, ẹ bu àgbàdo àti ẹ̀wà síwájú rẹ̀. Àgbàdo ni H, ẹ̀wà ni O. Kó to H₂ ní àgbàdo méjì-méjì, kó to O₂ ní ẹ̀wà méjì-méjì, kó wá fi wọ́n kọ omi. Òfin kan ṣoṣo ni pé kò gbọdọ̀ mú ààbọ̀ ìdì kan wá, kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́ hóró kankan kù. Á rí i fúnra rẹ̀ pé ìdì H₂ méjì ló máa gbé wá.

Ẹ fún un ní wọ̀nyí tẹ̀ léra, márùn-ún lójúmọ́ ti tó (nọ́ńbà iwájú tó jẹ́ ìdáhùn ló wà nínú àkámọ́, láti òsì sí ọ̀tún):

Mg + O₂ → MgO (2, 1, 2)
N₂ + H₂ → NH₃ (1, 3, 2)
Al + HCl → AlCl₃ + H₂ (2, 6, 2, 3)
KClO₃ → KCl + O₂ (2, 2, 3)
Fe₂O₃ + CO → Fe + CO₂ (1, 3, 2, 3)

Ẹ fi èyí tó gbẹ̀yìn ṣọ́ ọ. Ọ́síjìn wà nínú ohun mẹ́ta níbẹ̀, kò sì dá dúró níbì kankan. CO kọ̀ọ̀kan ń gba ọ́síjìn kan péré lọ́wọ́ irin láti di CO₂, mẹ́ta ló sì wà nínú Fe₂O₃ láti gbà. Àwọn bíi KMnO₄ + HCl, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Ìdáhùn rẹ̀ ni 2, 16, lẹ́yìn náà 2 KCl, 2 MnCl₂, 8 omi, 5 Cl₂. Ìgbà tí wọ́n bá ti kọ́ ọ ní kíka ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló tó lè ṣe é láìfi ojú wá a.