Bí ẹ ṣe lè mọ ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìyá yín àgbà

Ẹ kú iṣẹ́. Fọ́tò ṣọ́ọ̀bù ìyá yín àgbà lọ́jà Balógun l'Ékòó, tẹ́ ẹ ní kò ní déètì yẹn, ẹ wo iye owó tí wọ́n kọ sára aṣọ. Bó bá jẹ́ pọ́n-ùn àti ṣílè, ó ti ṣáájú 1973 nìyẹn. Ọjọ́ kìíní ọdún náà ni náírà dé.

Bí mọ́tò bá ń gba ọwọ́ òsì níta, ó ṣáájú April 2, 1972, ọjọ́ tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ka pátákó ṣọ́ọ̀bù o! Bí lẹ́tà bá kọ òdì, wọ́n tẹ fọ́tò náà sódì ni, ọ̀tún ti di òsì.

Fọ́tò iyebíye nìyí. Ẹ má fi báírò kọ nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tètè gbé e lọ bá àwọn àgbà ìdílé tó bá wọn tajà níbẹ̀. Oníṣòwò aṣọ kì í gbàgbé ìgbà tí àǹkárá kan lòde.