Èsì: Kí ṣẹ́ẹ̀kì yín lè yọ dáadáa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní àwọn ègé aṣọ búlúù, funfun àti àwọ̀ eérú tí ẹ kó jọ láti rán pọ̀ fún aṣọ ìbora ìgbà òtútù yín kò jọ ṣẹ́ẹ̀kì, ìyẹn àwòrán onígun mẹ́rin tí ìlà ti ń gba orí ara wọn kọjá. Oríta ni kí ẹ wò: ibi tí ìlà méjì ti pàdé ló yẹ kó dúdú jù. Bí ilẹ̀ bá funfun, tí ìlà jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi búlúù tó dúdú bí aró sí oríta. Kí ẹ tó rán an, ẹ kọ́kọ́ to àwọn ègé náà, kí ẹ ya fọ́tò wọn ní dúdú àti funfun. Àwọ̀ méjì tó bá rí bákan náà níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọ̀kan. Àwọ̀ eérú, díẹ̀ ni èmi máa ń fi sí i, torí kì í jẹ́ kí búlúù yọ dáadáa. Ìdámẹ́rin ínṣì láti etí aṣọ ni kí ẹ rán wọlé. Tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́, ẹ tẹ etí aṣọ tó wà ní ojú ìrán ọ̀wọ́ ègé kan sọ́tùn-ún, ti ọ̀wọ́ tó tẹ̀ lé e sósì, kí igun lè bára mu nígbà tí ẹ bá so àwọn ọ̀wọ́ pọ̀.